Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó bá jẹ ìpín àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kó má retí pé ẹnikẹ́ni yóò bá òun gbé ẹrù. Ọ̀rọ̀ Nigeria Airways, ilé iṣẹ́ bàálù ìjọba Nàìjíríà, ló gbé òwe yìí wá sọ́kàn mi.

Ọdún 1958 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí DC-10 àkọ́kọ́ dé ní 1976, orí gbogbo wa wú: bàálù ràgàjì, ọ̀nà ìrìn méjì láàárín ìjókòó, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, tí ìkẹta gúnwà sí ìdí ìrù. Lẹ́yìn náà ni Airbus A310 mẹ́rin tẹ̀ lé e. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1987, DC-10 kan tí wọ́n fi ń dánra wò ní Ìlọrin sáré kọjá òpin ibi tó ń balẹ̀ sí, ó sì jóná, àmọ́ kò sẹ́ni tó kú. Ní 1989, wọ́n tún gba tuntun. Òun ni ìkẹyìn nínú DC-10 446 tí McDonnell Douglas ṣe.

Rírà kọ́ ni ìṣòro. Bàálù ń mu epo, ó ń jẹ páàtì, ó sì ní ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀ yẹ̀ wò. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó gbọ́ bùkátà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, òṣìṣẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, gbèsè sì ń gorí gbèsè. Iṣẹ́ ìjọba, a kì í làágùn ún! Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 2003, bàálù tó ṣẹ́ kù kò tó ìka ọwọ́ kan.

Ta ló wá ru igbá? Àwọn tó jẹun ti lọ. Òṣìṣẹ́ ló rù ú: ọ̀pọ̀ wọn kò rí ẹ̀tọ́ wọn gbà títí di 2018, ikú sì ti mú àwọn mìíràn lọ. Àwa tí à ń kó owó tíkẹ́ẹ̀tì fún ilé iṣẹ́ òkèèrè náà ń rù ú. Bí ìjọba bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, orí ará ìlú ni igbá ń sọ̀ sí.

Ní oṣù Èbìbí 2023, wọ́n kun bàálù Ethiopian Airlines ní àwọ̀ Nigeria Air, ilé iṣẹ́ bàálù tuntun tí ìjọba fẹ́ dá sílẹ̀, wọ́n fi hàn wá ní Àbújá, ó sì padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Kò burú ká tún ní tiwa. Ṣùgbọ́n ká tó ra ẹyọ kan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ṣòfin: mínísítà ni o, ọ̀gá ṣọ́jà ni o, ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́, kó sanwó.