Wọ́n nà wọ́n ní Chicago, àmọ́ orúkọ Chicago ló wà nínú ìwé!

Àwọn ará ìlú Pottsville ò tíì gbà o. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1925 ni wọ́n ti ń pariwo pé wọ́n ja àwọn lólè. Àwọn tó kọ́kọ́ pariwo ọ̀hún ti kú, àwọn ọmọ wọn gba ẹjọ́ náà lẹ́nu wọn, àwọn ọmọ-ọmọ ló kù tó ń rò ó báyìí. Ohun tí wọ́n sì ní wọ́n jí gbé kì í ṣe owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilẹ̀. Adé bọ́ọ̀lù ni.

Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá o. Ti àwọn Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí gbọọrọ bí ẹyin, tí ẹnì kan á gbé e mọ́ àyà, á máa sá lọ, táwọn tó kù á sì fi gbogbo ara ya lù ú kí wọ́n lè gbé e ṣánlẹ̀. Lónìí, NFL ti di ilé owó. Láyé ìgbà náà ńkọ́? Nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta mọ́tò nílùú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1920. Àwọn ọmọ yunifásítì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ wò, ojú yẹpẹrẹ ni wọ́n sì fi ń wo ẹni tó bá ń gbowó gbá bọ́ọ̀lù.

Ìlú awakùsà ni Pottsville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Èédú inú ilẹ̀ ni wọ́n ń wà jẹun. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, John Striegel, ló ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, Pottsville Maroons, ọdún 1925 yìí náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ wọ NFL. Òfin ìpínlẹ̀ náà ò fàyè gba bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sunday. Ẹgbẹ́ Frankford, tó wà ní Philadelphia, tẹ̀ lé òfin, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń gbá tiwọn. Àmọ́ ọjọ́ Sunday làwọn awakùsà ráàyè, ta ló fẹ́ dá wọn lẹ́kun? Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tó bá ti jà títí tó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu ní Frankford lánàá, á wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá Pottsville lọ́jọ́ kejì. Wọ́n á sì nà án!

Kò sí àṣekágbá nígbà yẹn. Wọ́n kàn ń fi iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kan borí wéra pẹ̀lú iye ìgbà tó fìdí rẹmi ni, ọ̀mì ò sí nínú ìṣirò. Nígbà tí Pottsville wá kọjú Chicago Cardinals ní Chicago lọ́jọ́ 6 oṣù Kejìlá, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á parí sí. 21 sí 7 ni Pottsville fi lù wọ́n nílé wọn. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tí wọ́n borí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì ti fìdí rẹmi.

Ká ní wọ́n jókòó sílé wọn ni. Wọ́n tún lọ gbà láti bá àwọn ìràwọ̀ tó ti kúrò ní yunifásítì Notre Dame ta kàn-ń-gbọ̀n. Àwọn Ẹlẹ́ṣin Mẹ́rin tí gbogbo Amẹ́ríkà ń kan sáárá sí wà nínú wọn. Philadelphia ni wọ́n fi ìdíje náà sí, bẹ́ẹ̀ NFL ti fún Frankford nílùú yẹn, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ débẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù láìgbàṣẹ. Frankford figbe ta, ọjọ́ yẹn gan-an làwọn náà ń gbá bọ́ọ̀lù. Ààrẹ líìgì, Joe Carr, kìlọ̀ kìlọ̀, Pottsville ní àwọn ti fi fóònù gbàṣẹ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá, wọ́n gbá a. Charlie Berry ló fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé tó fi di 9 sí 7, àwọn tí wọ́n ń pè ní yẹpẹrẹ sì borí àwọn àkẹ́ẹ̀jẹ̀ Notre Dame. Kò pẹ́ tí Carr fi bu owó ìtanràn 500 dọ́là lé wọn, ó dá wọn dúró, ó sì lé wọn kúrò nínú líìgì.

Lóòótọ́, wọ́n jẹ̀bi. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn, wọn ò gbọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Chicago lákòókò kan náà.

Chris O'Brien tó ni Cardinals ń wá owó. Chicago Bears ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Red Grange ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí èrò ń tìtorí ẹ̀ ya wọ pápá. Ìgbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé lóṣù Kọkànlá, tí wọ́n ta ọ̀mì 0 sí 0, bíi 36,000 èèyàn ló wá wò ó. O'Brien fẹ́ kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ tún tà. Wọ́n ló rò pé bí Cardinals bá tún borí ẹ̀ẹ̀mejì sí i, Bears á gbà láti tún pàdé wọn. Ló bá sáré ṣètò ìdíje méjì, ọ̀kan pẹ̀lú Milwaukee, ìkejì pẹ̀lú Hammond. Àwọn méjèèjì ti ń palẹ̀ mọ́, Milwaukee ò tiẹ̀ ní èèyàn tó mọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Agbábọ́ọ̀lù Cardinals kan, Art Folz, lọ kó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama mẹ́rin wá kí Milwaukee lè pé! Ọmọ girama láàrin àgbà tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. 59 sí òdo ló parí sí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n na Hammond 13 sí òdo. Ó di ẹ̀ẹ̀mọkànlá, wọ́n sì kọjá Pottsville, tí wọn ò jẹ́ kó gbá òmíì mọ́.

Nígbà tí àṣírí tú, Carr lé Folz títí láé, kó tó wá dárí jì í nígbà tó yá. Ó ní kí ẹni tó ni Milwaukee tà á, ó sì bu ìtanràn 1,000 dọ́là lé O'Brien. Àmọ́ 59 sí òdo yẹn ṣì wà nínú ìwé títí dòní. O'Brien fúnra ẹ̀ lójú tì, ó ní òun ò gba adé tí wọ́n bá fún òun. Ìdíje Grange tó torí ẹ̀ dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀ náà ò wáyé.

Lọ́dún 1932, Charles Bidwill ra Cardinals, ìdílé rẹ̀ ò sì ní ìtìjú O'Brien ní tiwọn. Wọ́n di adé náà mú gírígírí. Lọ́dún 2003, wọ́n ní kí àwọn tó ni ẹgbẹ́ NFL dìbò bóyá kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ọgbọ̀n ní rárá, méjì péré ló ní bẹ́ẹ̀ ni, Philadelphia àti Pittsburgh, tí wọ́n jẹ́ ará Pennsylvania bíi tiwọn. Cardinals gba adé lọ́dún 1947, wọ́n kó lọ sí St. Louis, wọ́n kó lọ sí Arizona, wọn ò rí òmíì gbà mọ́. Àwọn kan ní Pottsville ní ègún àwọn ló ń jà.

Àwọn àgbà Maroons tó ṣẹ́ kù ò dúró de ìdìbò kankan. Wọ́n mú èédú ìlú wọn, wọ́n fi gbẹ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé àwọn làwọn gba adé 1925, wọ́n sì gbé e lọ fún ilé ìrántí bọ́ọ̀lù ní Canton.