Omi Ni Kí Wọ́n Jà Fún, Kì Í Ṣe Eṣinṣin

Ní ọdún 1938, àwọn àgbà ọkùnrin tí lọ́yà wà nínú wọn péjọ ní London, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn lára. Kí ni wọ́n ń jà sí? Wọ́n ní ṣé ó tọ́ kí eṣinṣin àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń mú ẹja rì sínú omi díẹ̀, àbí kó máa léfòó nìkan! Ọ̀gbẹ́ni Skues, ẹni ọdún 79, wà níbẹ̀ tó ń gbèjà ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ilé onílé.

Ẹja tí à ń wí ni trout, ẹja omi tútù tó ní àmì tó-tò-tó lára. Odò Test àti odò Itchen ní Hampshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni òkìkí rẹ̀ ti kàn jù. Odò wọ̀nyí kì í ṣe odò àgbàrá. Ilẹ̀ ẹfun ló wà lábẹ́ wọn. Òjò á rọ̀, ẹfun á fà á mu, á sẹ́ ẹ bí ẹni fi asẹ́ sẹ́ ògì, omi á wá sun jáde ní mímọ́ gaara bíi dígí. Ìgbà ooru o, ìgbà òtútù o, nǹkan bí ìwọ̀n 10 Celsius ni omi náà lẹ́nu ìsun. Ẹja á dúró sójú kan láàárín ewéko, á kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, á máa retí kòkòrò tí yóò já bọ́. Apẹja á yọ́ wá láti ẹ̀yìn rẹ̀, á fi ọ̀pá fi okùn síwá sẹ́yìn, á sì gbé eṣinṣin tó fi ìyẹ́ àti òwú dì mọ́ ìwọ̀ ka iwájú ẹja náà. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, kó lọ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Halford ló kọ ìwé ní 1889 tó fi sọ eṣinṣin orí omi di bí ẹ̀sìn. Skues kọ tirẹ̀ ní 1910, ó ní ẹja ń jẹ ọmọ kòkòrò tí kò tíì hu ìyẹ́ lábẹ́ omi náà, kí ló dé tí a kò ní fi irú ẹ̀ tàn án? Òtítọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí wọ́n fi ja irú ìjà bẹ́ẹ̀! Ta ló ń ṣọ́ omi?

Orí ẹfun yẹn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ omi gbé ẹ̀rọ lé, tí wọ́n ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ fún ilé àti ilé-iṣẹ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Watford àti Luton, púpọ̀ nínú omi tí wọ́n fi ń se ẹ̀bà níbẹ̀, abẹ́ ẹfun ló ti wá. Wọ́n fà á títí tí apá òkè odò Ver, tó gba ẹ̀gbẹ́ St Albans kọjá, fi gbẹ. Ìgbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ tó wà ní Friars Wash ní 1993 ni omi tún padà síbẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run?

Ti ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ní 2021, ilé-ẹjọ́ bu owó ìtanràn £90 mílíọ̀nù fún Southern Water, nítorí omi ẹ̀gbin tó dà sínú odò àti etí òkun ní Kent, Hampshire àti Sussex láàárín 2010 sí 2015. Hampshire kan náà o! Ẹ wá máa bi mí bóyá eṣinṣin léfòó tàbí ó rì.

Ẹlòmíràn á ní, “Odò olówó ni, kí ló kan tálákà?” Lóòótọ́, níbi tí omi òkun kì í dé, ẹni tó ni etí odò ló ni ẹ̀tọ́ láti pẹja níbẹ̀, àfi tó bá tà á tàbí tó fi háyà. Tálákà á kàn wò ó kọjá ni. Òfin yẹn kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Àmọ́ òfin yẹn náà ni idà tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ẹja lè pe ẹni tó ba omi jẹ́ lẹ́jọ́. John Eastwood, lọ́yà ni òun náà, rí èyí. Ó dá ẹgbẹ́ apẹja kan sílẹ̀ ní 1948 fún ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Kò pẹ́, ẹgbẹ́ apẹja Pride of Derby gbé ilé-iṣẹ́ British Celanese àti ìjọba ìlú Derby lọ sílé-ẹjọ́ lórí odò Derwent. Àwọn kan ń da ẹ̀gbin sí i, àwọn kan ń da omi gbígbóná sí i. Ní 1952, apẹja borí, ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n ṣíwọ́. Apẹja lásán-làsàn ló mú ìjọba ìlú so o!

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ẹ ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ju ìwọ̀ sódò Test lóòjọ́ kan ṣoṣo, ẹ yọ nínú owó yẹn. Ẹ fi gba ẹni tí yóò máa yẹ omi wò lóṣooṣù, ẹ sì fi gba lọ́yà. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń sanwó omi ní Watford, ẹ̀yin náà ẹ bi ilé-iṣẹ́ tó ń mú ìwé owó wá pé odò wo ló ti fà á.