Ẹ Má Ṣe Fi Àìsàn Ọmọ Pa Mọ́ fún Olùkọ́ Eré Ìdárayá

 

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń ṣe ìdíje eré ìdárayá. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kọjá ní Aládé wa níhìn-ín nígbà náà, ẹ ó gbọ́ ìlù àwọn ọmọ tí ń kọ́ bí a ti ń yan bí ológun. Ilé Pupa ń bá Ilé Yẹ́lò fa okùn. Àwọn kékeré ń fi ẹnu gbé ṣíbí tí ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Inú mi a máa dùn sí i. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, bí mo ti ń wo ẹni tí yóò gba ife ẹ̀yẹ, bẹ́ẹ̀ ni mo ń wo ọmọ tí èémí rẹ̀ kò já gaara.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àjọṣe òbí àti ilé-ẹ̀kọ́ kò ju kí á san owó ẹgbẹ́ òbí òun olùkọ́, kí á ra aṣọ eré fún ọmọ, kí á sì wá jókòó lábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ ìdíje, kí á máa pàtẹ́wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó níye lórí jù lọ tí òbí lè fún ilé-ẹ̀kọ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: òun ni òtítọ́ nípa ara ọmọ rẹ̀.

Mo ti rí ọmọ tí wọ́n gbé wá bá wa ní dìsìpẹ́nsárì láti orí pápá, tí eegun ń ro ó tí kò lè dá dúró. Olùkọ́ tí ó gbé e wá kò mọ̀ pé SS ni ọmọ náà. Ìyá mọ̀, bàbá sì mọ̀. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa pè é ní síkúlà. Ọpẹ́ ni pé ara ọmọ náà padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n mo bi yín léèrè: èwo ni ó sàn, kí ojú tì wá díẹ̀ níwájú olùkọ́, tàbí kí á máa sáré gbé ọmọ kiri lọ́sàn-án gangan? Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé nọ́ọ̀sì ní kí á ti ọmọ mọ́lé o. Àwọn baba wa tí wọ́n gbé orí Òkè Ìdànrè kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní eré ìdárayá. Àtẹ̀gùn tí ó wà níbẹ̀ lónìí lé ní 600. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Ọ̀kadà ni ó ń gbé púpọ̀ nínú wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá dé, ó di ìdí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. Nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, wọ́n ní ó kéré tán, ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ṣe ohun tí yóò mú ọkàn rẹ̀ lù kíkan. Ọmọbìnrin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nǹkan oṣù kò ní kí ọmọ tí ara rẹ̀ le má sáré. Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó sáré fo igi ní mítà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní oṣù keje ọdún 2022, tí kò sí obìnrin kan láyé tí ó ti sá a kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé bàbá òun kò kọ́kọ́ fẹ́ eré sísá, ìyá òun ni ó dúró ti òun.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mọ ọmọ tí à ń rán lọ sórí pápá.

Èkíní, ọmọ SS, ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí omi bá gbẹ lára rẹ̀ tàbí tí èémí kò tó o, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì dí ojú iṣan. Ó lè ṣeré níwọ̀nba bí dókítà bá gbà á láyè, ṣùgbọ́n kí ó máa mu omi, kí ó máa sinmi, kí ó sì wọ aṣọ tí ó nípọn nínú ọyẹ́ òwúrọ̀.

Èkejì, ọmọ AS. Nínú ènìyàn 4 ní Nàìjíríà, ó tó ẹnì kan tí ó jẹ́ AS. Ọmọ yìí lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ipá lé e sáré nínú oòrùn láìmu omi.

Ẹ̀kẹta, ọmọ tí ó ní asimá. Eruku ọyẹ́ a máa ru ú sókè. Kí oògùn tí ó ń fà sẹ́nu wà lọ́wọ́ olùkọ́ lórí pápá, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ ìyá rẹ̀ nílé.

Ẹ̀kẹrin, ọmọ tí ó ní wárápá tàbí àìsàn ọkàn. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó ra bàtà kánfáàsì.

Àwọn kan yóò ní, “Nọ́ọ̀sì, bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò yọ ọmọ mi kúrò nínú gbogbo eré.” Mo gbọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín. Olùkọ́ tí ó bá fi àìsàn ọmọ ṣẹ̀sín lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ àwọn òbí ní irọ́ pípa ni. Ẹ pa àṣírí mọ́. Ẹ má na ọmọ tí ó bá ní ó rẹ òun. Ẹni tí kò lè sá mítà 400 lè lu ìlù, ó lè di aago mú, ó lè kọ máàkì sílẹ̀, kí òun náà wọ aṣọ ilé rẹ̀ bí àwọn yòókù.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, nígbà tí ẹgbẹ́ òbí òun olùkọ́ bá ṣe ìpàdé ṣáájú ìdíje, kí wọ́n fún òbí kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé kan: orúkọ ọmọ, àìsàn rẹ̀, oògùn rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù tí a ó pè. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tọ́jú rẹ̀, kí olùkọ́ eré ìdárayá sì kà á. Kí omi mímu tí ó mọ́ wà ní pápá. Gúlúkóòsì tí àwọn ọmọ ń lá lófìfo kò lè dípò omi. Bí ọmọ bá fi orúnkún gbọlẹ̀, ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe kẹrosíìnì tàbí iyẹ̀pẹ̀. Bí ojú ọgbẹ́ bá jìn, ẹ gbé e wá bá wa nítorí tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ilé ni apá kan, ilé-ẹ̀kọ́ ni èkejì. Bí àwọn méjèèjì bá ń bá ara wọn sọ òótọ́, ọmọ yóò sáré lọ, yóò sì sáré bọ̀ wálé.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.