Ọrẹ Kì Í San Gbèsè

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Kì í ṣe ìwàásù nìkan, ìjẹ́wọ́ wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ ńlá kan láti òkè òkun, tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, fi jẹnẹrétọ̀ tuntun ta wá lọ́rẹ. Inú wa dùn kọjá àlà. A pe àwọn ọ̀gá wọn síwájú, a gbàdúrà fún wọn, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́.

Kò pé oṣù mẹ́rin, arákùnrin kan nínú ìjọ wá bá wa ní ọ́fíìsì, ó fi aṣọ wé ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀rọ ti gé ìka rẹ̀ méjì ní ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó lọ béèrè owó ìtọ́jú, wọ́n ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, kó lọ bá agbaṣẹ́ṣe tó mú un wá. Agbaṣẹ́ṣe fún un ní owó tí kò tó ra oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kó má padà wá mọ́.

A pe àwọn alàgbà jọ. A ní ká lọ bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Nígbà tó yá, ẹnì kan là á mọ́lẹ̀: "Dádì, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fún wa ńkọ́?"

Ẹ̀yin ará, a ò lọ. A dá owó fún arákùnrin náà, a gbé ọwọ́ lé e, a gbàdúrà, a sì ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a ń wàásù, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, arákùnrin yìí jókòó sí ìlà kẹta, ó ń wò wá. Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Àwa gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ èyí. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ilẹ̀ òkèèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kànga tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn yín. Wọ́n á fi ilé ìwé tí wọ́n kùn hàn yín, pẹ̀lú fọ́tò. Ọrẹ nìyẹn, ọrẹ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í ṣe ọrẹ. Gbèsè ni ẹ̀tọ́.

Ẹ wo Sákéù nínú Lúùkù orí 19. Olówó ni, agbowó-òde sì ni. Nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀, ohun méjì ló ṣèlérí. Ó ní òun máa pín ìdajì ohun ìní òun fún tálákà. Ó tún ní ẹni tí òun bá ti rẹ́ jẹ, òun máa dá a padà fún un ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò da méjèèjì pọ̀. Kò sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti ṣàánú tálákà, kí ẹni tí òun rẹ́ jẹ máa lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe ti àkọ́kọ́, wọ́n á fo ìkejì dá.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ wa níbí. Ní ọdún 2008, páìpù epo Shell bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní Bodo, nílẹ̀ Ogoni. Epo bo odò, iṣẹ́ ẹja pípa dojú dé. Àwọn ará ìlú ní láti gbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 2015 ni ilé-iṣẹ́ náà tó gbà láti san 55 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí epo dà ti wọ ilé ìwé kí owó tó jáde! Sákéù ò dúró de ilé-ẹjọ́.

Àwọn ará Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ńkọ́, ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire bíi tiwa? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, wọ́n lé ní 100 tí wọ́n gba ojú omi lọ sí Parabe, níbi tí Chevron ti ń wa epo lójú òkun. Wọ́n ní omi iyọ̀ ti ba odò àwọn jẹ́, wọ́n ń béèrè iṣẹ́ àti owó ìtanràn. Lọ́jọ́ 28 oṣù náà, àwọn agbófinró ìjọba dé nínú hẹlikọ́pítà tí Chevron háyà. Ìbọn dún, ẹni méjì kú. Chevron ní wọ́n ká òṣìṣẹ́ àwọn mọ́ ni, ilé-ẹjọ́ ní San Francisco sì dá a láre ní 2008. A ò bá ilé-ẹjọ́ jà. Ìbéèrè tiwa ni pé, kí ló dé tó fi jẹ́ àárín òkun lèèyàn máa dé kó tó rí ẹni gbọ́ tirẹ̀?

Ní ti ọ̀rọ̀ "kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa" yìí, ẹ rántí Rana Plaza ní Bangladesh. Ilé alájà mẹ́jọ ni, wọ́n ń rán aṣọ níbẹ̀ fún àwọn ilé-ìtajà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ògiri ti sán. Báǹkì tó wà nínú ilé náà kó èèyàn rẹ̀ jáde. Wọ́n ní kí àwọn aránṣọ wọlé. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé wó, èèyàn tó lé ní 1,100 kú. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí àmì wọn wà lára aṣọ náà kò ní ẹyọ aránṣọ kan nínú ìwé òṣìṣẹ́ wọn. Agbaṣẹ́ṣe ló ni wọ́n, àbí?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ó ṣeé ṣe kí nǹkan yí padà. Lẹ́yìn àjálù yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ tó lé ní 200 tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìwé tó ṣeé gbé lọ sílé-ẹjọ́, pé kí àwọn tó mọṣẹ́ máa yẹ ilé wò, kí wọ́n sì tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ti là á sílẹ̀ ní 2011: kí ìjọba dáàbò bo èèyàn, kí ilé-iṣẹ́ má pa èèyàn lára, títí kan nípasẹ̀ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, kí ẹni tó bá fara gbá sì rí àtúnṣe.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò le:

Kẹ́ ẹ tó wọ ilẹ̀ èèyàn, ẹ bi wọ́n. Kí "rárá" náà jẹ́ ìdáhùn.
Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ yín, òṣìṣẹ́ yín ni, ẹni yòówù kó máa san owó rẹ̀.
Ẹni tó bá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ kó tó di ariwo. Ẹ má fi ìbọn dá a lóhùn.
Tẹ́ ẹ bá ti ba nǹkan jẹ́, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó gbẹ́ kànga.

Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe àti mánijà tẹ́ ẹ wà nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìdámẹ́wàá tó ti inú owó oṣù tẹ́ ẹ há mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ wá, ẹ má mú un wá síbí. Jákọ́bù 5:4 sọ fún wa pé owó náà ń ké, etí Olúwa sì ti gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a lọ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Àwa àti alàgbà méjì, pẹ̀lú arákùnrin wa. Wọ́n gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní àwọn máa wò ó. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan. A máa padà lọ. Tí wọ́n bá ní ká dá jẹnẹrétọ̀ àwọn padà, a máa dá a padà lọ́jọ́ náà. Àbẹ́là la fi bẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí, Ọlọ́run sì ń gbọ́ wa nígbà yẹn.

A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ arákùnrin wa ní kọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká tọrọ rẹ̀ ní gbangba níbí náà: sà, ẹ dárí jì wá.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ohun tí a gbà di ìdè sí wa lẹ́nu. Kò sì ní jẹ́ kí ọmọ wa kankan di ẹni tí wọ́n máa ní àwọn kò mọ̀ rí lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó tán.

Ẹ ṣe Àmín tó lágbára.