Owó Òyìnbó tí Ọkọ́ Hú ní Topo

Ẹ̀yin ará wa tí ń roko, àti ẹ̀yin tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì, bí ọkọ́ yín bá hú owó òyìnbó àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti pa rẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi iyanrìn ha á. Yóò dán nítòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba lẹ́tà tí ó kù lójú rẹ̀ yóò bá ìdọ̀tí lọ.

Omi lásán àti sùúrù tó. Ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí orí náà kọjú sí. Ọbabìnrin Victoria ń wo apá òsì. Edward Keje, ọmọ rẹ̀, tí ó jọba láti 1901 sí 1910, ń wo apá ọ̀tún. George Karùn-ún tún kọjú sí òsì, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a ṣì í mú fún ìyá àgbà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kọ́bọ̀ Victoria, tí ọdún wà lábẹ́ ọrùn ọbabìnrin, tí owó náà sì nípọn, bàbà àtijọ́ ni. Láti 1860 ni ọdún ti bọ́ sí ẹ̀yìn, lábẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin tí ó jókòó pẹ̀lú asà. Èyí tí ihò wà láàárín rẹ̀ kì í ṣe owó ìlú wọn rárá: Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n dìídì rọ ọ́ fún, láti 1907.

Àwọn kan a máa bèèrè pé kí ni orí ọba àjèjì kàn wá. Ó kàn wá púpọ̀! Ní 1863 ni Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì; ní nǹkan bí 1876 ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá oko sílẹ̀ ní Topo. Ní gbogbo ìgbà náà, owó ẹyọ ṣì ń ná ọjà, 20,000 nínú ọ̀kẹ́ kan. Òyìnbó ni ó rọ owó tuntun, ṣùgbọ́n ahọ́n àwọn baba wa ni ó sọ ọ́ ní kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti sílè. Nígbà tí Nàìjíríà sì kọ owó pọ́n-ùn sílẹ̀ ní 1973, kọ́bọ̀ kò bá a lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó wí pé òun rí owó kan “ní apá Àgbádárìgì” kò tí ì sọ nǹkan kan fún wa. Oko wo? Ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ mélòó? Ṣé owó ẹyọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí ìlẹ̀kẹ̀, tàbí àfọ́kù ìkòkò? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi han Àjọ tí ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979. Kí ẹnikẹ́ni má sì retí pé òun yóò tà á là: àràádọ́ta ọ̀kẹ́ kọ́bọ̀ Victoria ni wọ́n rọ.