Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun: Orúkọ Wọn Dà?

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní bá pé, àwọn ènìyàn pàtàkì a máa péjọ sí Àbújá àti sí olú-ìlú ìpínlẹ̀ gbogbo. Àwọn ọmọ ogun a tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́, fèrè a dún, ìbọn a ró, gbogbo ènìyàn a sì dákẹ́ rọ́rọ́. A ó gbé òdòdó síwájú ọwọ̀n tí a mọ fún Sójà Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀, a ó sì tú ẹyẹlé sílẹ̀ ní àmì àlàáfíà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo rẹ̀ a ti parí, olúkúlùkù a sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Ètò náà dára, a kò sì wí pé kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa bi ara wa: ta ni a ń rántí gan-an? Nínú àṣà tiwa, a kì í sin òkú àgbà kí a má pe orúkọ rẹ̀. A ó kì í, a ó ki ìdílé rẹ̀, kí àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀ lè mọ ẹni tí ó lọ. Èrò tiwa ni pé ọjọ́ yìí kò tíì di tiwa tán, àfi ìgbà tí a bá lè pe àwọn tí ó kú ní orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọjọ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ni a ń ṣe é, nítorí pé ọjọ́ náà ni Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní dáwọ́ dúró ní ọdún 1918. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé wa, ìjọba yí i padà sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní, nítorí pé ọjọ́ náà, ní ọdún 1970, ni ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967 parí. Ọjọ́ tí àlejò yàn fún wa ni a fi sílẹ̀; èyí tí àwa fúnra wa yàn ni a mú. Ohun iyì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ẹrù lórí àlejò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orí òun ni yóò máa fi rù ú.

Ẹ wo àwọn orúkọ tí ó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Bárékè Letmauk wà ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn. Bárékè Arakan wà ní Àpápá. Ní Èkó kan náà ni Dodan wà, tí ó jẹ́ ibùjókòó ìjọba fún ọdún púpọ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ń kọjá níbẹ̀ ni ó mọ̀ pé orúkọ ibi tí àwọn bàbá ńlá wọn ti jagun ní ilẹ̀ Bọ́mà ni wọ̀nyí, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń bá àwọn ará Jàpáànù jà nínú igbó àti lórí òkè ní ọdún 1944 àti 1945? A pa orúkọ ilẹ̀ náà mọ́. A gbàgbé orúkọ àwọn tí ó kú sórí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn tí a mọ ìtàn rẹ̀ ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1942. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànù ká òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, mọ́ etí odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ kú, ọta ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ará abúlé kan, Mùsùlùmí tí ń jẹ́ Shuyiman, ni ó fi òun àti ọmọ Siẹra Léònè kan pamọ́, tí ó ń bọ́ wọn títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní oṣù kejìlá. Fadoyebo padà wálé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé, ó sì kú ní ọdún 2012. Ìwé tí ó kọ ni ó jẹ́ kí á mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ létí odò kò rí àyè kọ ìwé. Ta ni yóò kọ tiwọn?

Ní Taukkyan, ní ilẹ̀ Bọ́mà náà, orúkọ àwọn ọmọ ogun tí ó tó nǹkan bí 27,000, tí a kò mọ ibojì wọn, ni a gbẹ́ sára òkúta. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn. Àwọn aláàárù tí ó kú ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní kò rí irú èyí. Ọ̀pọ̀ wọn ni a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tí ó fi di pé ní ọdún 2021, àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń bá àjèjì wí pé ó gbàgbé, kí ni a ó wí nípa ara wa? Àwọn ọmọ wa kú ní Kóńgò lẹ́yìn ọdún 1960. Wọ́n kú ní Làìbéríà àti ní Siẹra Léònè. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń kú ní Bọ̀nọ́ lọ́wọ́ Boko Haram; ti Metele, ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ṣì ń dun àwọn ẹbí títí di òní. Ìwọ òǹkàwé, mélòó nínú wọn ni o lè dárúkọ?

Àwọn kan yóò wí pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ti Bọ́mà jà fún. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ wa ni wọ́n kí wọ́n tó di sójà ọba. Àwọn mìíràn yóò wí pé sójà ni ó fi ìbọn gba ìjọba mọ́ wa lọ́wọ́, àti pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní yìí kan náà, ní ọdún 1966, ni wọ́n pa Balewa àti Akíntọ́lá. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni wọ́n pa Adémúlẹ́gún pẹ̀lú aya rẹ̀ ní Kàdúná, sójà sì ni òun náà. Ní oṣù keje ọdún kan náà, Fájuyì bá àlejò rẹ̀, Ironsi, kú. Kò yẹ kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ adìtẹ̀ kọ́ ẹni tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́ lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó wúwo ju ìwọ̀nyí lọ. Bí ó ti jẹ́ pé òpin ogun abẹ́lé ni a fi ṣe ọjọ́ ìrántí, àwọn òkú ìhà kejì ńkọ́? Ní bárékè Dodan yẹn ni Effiong ti kéde pé Bìáfúrà ti tán, tí Gowon sì wí pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ní ọdún 2000, ìjọba Ọbásanjọ́ yí ìlékúrò àwọn ọmọ ogun tí ó jà fún Bìáfúrà padà sí ìfẹ̀yìntì. Bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá ní ìtumọ̀, omijé ìyá Nsukka kò gbọdọ̀ yàtọ̀ lójú wa sí omijé ìyá Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ tí a yàn ni ó fi dandan lé e.

A kò sì gbọdọ̀ tàn ara wa jẹ: òdòdó kì í ṣe oúnjẹ. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni àwọn ajagunfẹ̀yìntì ti fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí Àbújá láti béèrè owó tí ó tọ́ sí wọn. Ìjọba tí ó bá ń gbé òdòdó fún òkú, tí ó sì ń fi opó rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, kò tíì rántí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí tí ó kù wà. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọjọ́ yìí kì í ṣe ọjọ́ tí a ń ti ilé ẹ̀kọ́, èyí sì jẹ́ àǹfààní. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè nílé, lọ́wọ́ àwọn àgbà, bóyá ẹnì kan wà ní agbo ilé tàbí ní àdúgbò wọn tí ó lọ sógun tí kò padà. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti ogun tí ó lọ. Kí a ka orúkọ náà sókè ní àpéjọ òwúrọ̀, kí a sì fi ìwé náà pamọ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Kò ná ilé ẹ̀kọ́ ní ju ìwé kan àti bírò kan lọ.

Bí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé kì í ṣe gbogbo sójà náà ni a kò mọ orúkọ rẹ̀. A kàn jẹ́ kí orúkọ wọn sùn ni. Ẹ jẹ́ kí a jí wọn.