Bí Kọ̀ǹpútà Ilé bá Dákẹ́

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀rọ̀ náà bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó wà ní igun ilé mu. Láti ọdún 2015 tí gbogbo ọmọ ti ń ṣe ìdánwò JAMB lórí kọ̀ǹpútà, ó ti wúlò fún ìdánrawò àwọn ọmọ. Àwọn ìyá mìíràn sì ń fi tẹ ìwé fún oníbàárà kí owó ọbẹ̀ lè kájú ọjà.

Ní ọdún kan, tèmi dákẹ́ ní ilé wa ní Òṣogbo. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e fún ní pátákó ńlá inú rẹ̀ ti jó. Iye tí ó pè tó owó ilé-ìwé ọmọ kan. Mo gbé e lọ sí Iléṣà, sí ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi tí mo ń pè ní Bọ̀dá Kékeré. Ó yọ RAM, ó nu ún, ó tì í padà, ẹ̀rọ jí! Ohun tí ó kọ́ mi nìyí.

Bí ẹ̀rọ kò bá tan rárá, ẹ yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì, okùn iná àti UPS wò. Bí ìwọ̀nyí bá dára, ó lè jẹ́ power pack nìkan ni ó kú. Ẹ má ṣe tú power pack fúnra yín o. Iná a máa fara pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ okùn.

Bí fáànù bá ń yí tí ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, tàbí tí ó ń ké pí-pí-pí, ẹ fura sí RAM. Ẹ yọ okùn iná, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí náà, kí ẹ tó fi rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń pa ìwé pẹ́ńsù rẹ́ nu ẹnu RAM tí ó ń dán bí idẹ.

Bí ó bá ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Eruku ọyẹ́ a máa dí fáànù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a.

Bí aago rẹ̀ bá ń padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, CR2032, ni ó sábà máa ń tán. Kò wọ́n.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ nínú àpótí, hard disk ni ó ń kú lọ. Bọ̀dá Kékeré ti kìlọ̀ fún mi: “Ìyàwó wa, ẹ kọ́kọ́ kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sá.” Nígbà tí ìró náà dé ní ọdún kejì, mo ní kí n parí iṣẹ́ oníbàárà ná. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, gbogbo àwòrán ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi ti lọ. Mo ra hard disk mìíràn. N kò rí ọjà tí wọ́n ti ń ta ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ da ohun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù kọ sórí flash, kí ẹ sì gbé e pamọ́ sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Ó di oṣù tí ń bọ̀.